Àpò Egungun Tí A Sin Sábẹ́ Igi Òrombó

Ìbógùn, ní ọ̀nà Ìfọ̀,
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kejì, 1956.

Mùsáfírù Àlàbí, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí ilé tí o ń gbé ní Èkó, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń jí lójúmọ́ níbẹ̀. Kí Ọlọ́run Ọba dá ẹ̀mí rẹ sí. Kí ó jẹ́ kí oúnjẹ tí o bá jẹ lónìí ṣe ọ́ ní oore, kí ó má sì jẹ́ kí o jẹ ohun tí o kò mọ̀. Èyí tí mo fi sẹ́yìn yẹn, mi ò kì í ṣe é ládùúrà tẹ́lẹ̀. Ọdún yìí ni mo fi kún un, ìdí rẹ̀ kò sì ní pẹ́ yé ọ.

Ara mi le. Orúnkún òsì ṣì ń dùn mí bí mo bá kúnlẹ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n kò dí mi lọ́wọ́ oko. Òjò kan ṣoṣo ló ti rọ̀ láti ìgbà tí ọdún ti yí, ilẹ̀ le bí òkúta, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ti gbẹ́ ẹ. Kúlúsúmù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ, ní kí n kí ọ. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí. Tòún, olùkọ́ wa ní ẹ̀kọ́ àgbà, ní kí òun bá mi kọ ọ́, mo ní rárá, nítorí pé Tòún láàánú, bí ó bá bá mi kọ ọ̀rọ̀ kan yóò rọ̀ ọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí o bá rí ibi tí kálàmù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìwé, má ṣe rò pé ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni.

Lẹ́tà tí o fi dá mi lóhùn ti dé. O ní o rẹ́rìn-ín sí lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kọ sí ọ nípa àpò tí mo sin, títí omi fi bọ́ lójú rẹ, o ní o kà á fún àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, gbogbo wọn sì di inú mú. Ẹ kú ẹ̀rín. Ó dára kí àwọn ènìyàn máa yọ̀ níbi iṣẹ́ wọn. Nígbà tí ẹ ti wá rẹ́rìn-ín tán, n ó tò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí o lè kà á fún wọn lẹ́ẹ̀kejì.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí, ọmọkùnrin tí ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn rán wá láti Abẹ́òkúta, gun kẹ̀kẹ́ dé Ìbógùn pẹ̀lú ṣòkòtò kúkúrú rẹ̀, ó sì pe àwa obìnrin márùn-ún jọ. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní adìyẹ òyìnbó mẹ́fà, funfun gbòò. Ó ní adìyẹ tiwa ń yé nígbà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí yóò máa yé lójoojúmọ́ bí akọ̀wé ṣe ń lọ síbi iṣẹ́. Ó ní wọn kì í jẹ ìjẹkújẹ o. Ó wá gbé àpò oúnjẹ wọn sílẹ̀ fún wa, àpò kan fún ẹnì kan, láti ilé iṣẹ́ tí ìwọ ń bá ṣiṣẹ́ ní Àpápá. Mo wo ara àpò náà, mo rí i pé ìwọ lo fi ọ̀dà dúdú kọ Ìbógùn sí i lára, nítorí pé mo mọ bí o ṣe máa ń kọ gí rẹ bí ẹni tó jókòó. Inú mi dùn. Mo pe Wòsílátù ará ilé kejì wá wò ó, mo ní ọmọ mi ló kọ ìyẹn. Mò ń sọ èyí fún ọ kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe ìkórìíra ni ọ̀rọ̀ yìí fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí ní kí á wọn àgbàdo lílọ̀ ní agolo mẹ́sàn-án, kúlíkúlí gígún ní agolo méjì, kí á wá bu agolo kan láti inú àpò náà kí á pò wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe. Mo máa ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí agolo kí ó lè rẹ́gí. Wòsílátù ń fi ọwọ́ bù ú, ó ní àwọn adìyẹ kò mọ ìṣirò. Adìyẹ tèmi ló kọ́kọ́ yé. Ọ̀gá náà yìn mí lójú gbogbo wọn, ó ní bí gbogbo obìnrin Ìbógùn bá ní orí bíi ti Ìyá Ṣàkírù, ìlú á ti dára. Mo gba ìyìn náà, mo sì jẹ ẹ́ yó.

Lọ́jọ́ yẹn ni mo bi í ní ohun tí mi ò ì tí ì bi í. Mo ní kí ló wà nínú àpò náà, nítorí pé ó rí bí eérú, ó sì ń rùn bí ìkòkò tí ẹran jóná sí. Kò fi pa mọ́ fún mi, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà níbẹ̀, ẹran tí ẹnikẹ́ni kò rà wà níbẹ̀, egungun ló sì pọ̀ jù. Ó ní wọ́n á dà wọ́n sínú àgbá ńlá, wọ́n á fi ooru omi sè wọ́n, wọ́n á fún ọ̀rá kúrò, wọ́n á sá wọn, wọ́n á lọ̀ wọ́n, ohun kan kì í ṣòfò. Ó ní agbára tó wà lára ẹran á bọ́ sára adìyẹ, ti adìyẹ á bọ́ sínú ẹyin, ti ẹyin á bọ́ sára wa. Mo ní egungun kí ni? Ó ní oríṣiríṣi. Mo ní láti ibo? Ó ní ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá, òmíràn láti ilẹ̀ Òyìnbó, òmíràn láti Íńdíà. Mo ní ta ló ń ṣà wọ́n, tó ń mọ èyí tí í ṣe ti ẹran àti èyí tí kì í ṣe ti ẹran? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, Ìyá wa, ẹ̀rọ kì í bèèrè orúkọ.

Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Íńdíà ni lẹ́tà ìkẹyìn tí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ sí wa ti wá, kí wọ́n tó kó wọn sọdá sí ojú ogun ní Bọ́mà.

Ìwọ kéré nígbà náà, n ó rán ọ létí. Ọdún 1943 ni Ṣàkírù Àkànní bá wọn lọ sí ogun Hítílà, ó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélógún, ìyàwó rẹ̀ kò tí ì lo oṣù márùn-ún nílé wa. Sọ́jà tó wá kọ orúkọ wọn ní Ìfọ̀ fi ìwé nọ́ńbà hàn mí, ó ní wọn yóò tẹ̀ ẹ́ sára irin, yóò sì máa wà lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sán tòru, kí ìjọba lè mọ ẹni tí wọ́n ní, kí wọ́n mọ ẹni tó sọnù àti ẹni tó kú. Ní 1945 ni ìwé dé. Wọ́n ní wọn kò rí i. Wọn kò sọ pé ó kú. Ohun tí ènìyàn kò bá rí, ó yẹ kí ó máa wá a, mo sì retí pé wọ́n ń wá a. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi retí pé wọ́n ń wá a. Àáfà Tàjùdéèn sọ fún Kúlúsúmù lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn náà pé ẹ̀sìn gbà á láyè láti fẹ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n Kúlúsúmù ní òun kò ní kúrò lọ́dọ̀ ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò tí ì sọ fún òun pé ó kú. Ó wọ ilé yìí ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Orí rẹ̀ ti ń hu ewú.

Ní oṣù Kìíní ọdún yìí, ní ọjọ́ Ajé kan, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, agolo mi kan nǹkan kan nínú àpò náà. Mo fà á jáde. Irin pẹlẹbẹ kan ni, kò tó àtàǹpàkò mi, ihò wà lára rẹ̀, nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo fi ìdí aṣọ mi nù ún, mo kà á: 718. Mo wọ yàrá, mo ṣí àpótí, mo mú ìwé ìjọba tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, mo gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ẹní. Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ ni 57183. Mùsáfírù, ìwọ ni akọ̀wé, ìwọ ni o kàwé jù mí lọ. Yọ ti iwájú kúrò, yọ ti ẹ̀yìn kúrò, kí o wo èyí tó kù.

Kúlúsúmù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí i. Ó tú gèlè rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìtẹ́ ẹní, bí opó ṣe ń jókòó. Ó ní, ìyá, ẹyin mélòó ni a ti jẹ? Mo ti ń kọ wọ́n sára ògiri láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nítorí pé ọ̀gá ní kí á máa kọ ọ́. Mẹ́tàdínlógún ni. Láti ọjọ́ náà, omi ẹ̀kọ nìkan ló ń lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Mo tọ Àáfà Tàjùdéèn lọ. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní ẹ̀jẹ̀ léèwọ̀ fún Mùsùlùmí láti jẹ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tí ì bi òun nípa adìyẹ tó jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ ẹyin mẹ́tàdínlógún náà kò sì sí nínú kìtáàbù kankan tí òun ní. Mo ní kì í ṣe ìyẹn ni mo bá wá, ìrun òkú ni. Ó ní, Ìyá Ṣàkírù, òun kò lè kírun sí àpò lára. Mo ní ṣé ó lè kírun sí òkú tí kò sí níbẹ̀ lára? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀sìn gbà á, fún ẹni tó kú sí ọ̀nà jíjìn. Mo ní kí ó kírun sí ẹni tí kò sí níbẹ̀, ibi tí yóò kọjú sí ni èmi yóò gbé àpò náà sí. Ó ní kí n lọ múra sílẹ̀.

Àpò náà kò ṣeé fi omi wẹ̀, nítorí pé yóò di ẹ̀kọ. Iyanrìn tó mọ́ ni a fi ṣe é, bí a ṣe máa ń ṣe fún òkú tí kò bá ṣeé fi omi wẹ̀. Aṣọ funfun tí mo ti rà pamọ́ fún ikú ara mi ni mo fi wé e. Èmi àti Kúlúsúmù gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi òrombó tí ẹ̀gbọ́n rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ọkùnrin mẹ́jọ ló tò sẹ́yìn Àáfà. Èmi ni mo gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà, àwọn ọkùnrin kàn parí rẹ̀ ni. Irin náà nìkan ni mi ò sin. Ó wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Wòsílátù kò jẹ́ kí á rí ojú sùn. Bí ó bá ń kọjá, á dúró sí ẹ̀yìn ọgbà, á ní, Ìyá Ṣàkírù, ẹ bá wa kí màlúù tí ẹ sin o, ṣé wọ́n ti ń kẹ́ ẹ lọ́run? Ọjọ́ kẹta ni mo dá a lóhùn. Mo ní, Wòsílátù, ìwọ kò sin nǹkan kan, ìwọ ń jẹ tìrẹ. Kò tí ì gba ẹ̀yìn ọgbà kọjá mọ́, mo sì gbọ́ pé kò tí ì jẹ ẹyin láti ìgbà náà.

Lẹ́yìn èyí ni Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí dé. Ó wo irin náà lọ́rùn mi, ó ní, Ìyá, etí màlúù ni wọ́n ń fi èyí kọ́ nílẹ̀ Òyìnbó. Mo ní nítorí kí ni wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà kọ́ màlúù létí? Ó ní kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n ní, kí wọ́n mọ èyí tó sọnù àti èyí tó kú. Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni sọ́jà Ìfọ̀ sọ fún mi, kò yẹ̀ rárá. Mo ní bí màlúù bá sọnù, ṣé wọ́n máa ń wá a? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ó níye lórí. Mo ní ó dára, mo ti gbọ́.

Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan, èyí tí wọ́n ń kọ bí ẹran ọ̀sìn bá kú, ó ní dandan ni kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Gẹ̀ẹ́sì ni, Tòún ló kà á fún mi, mo sì dáhùn gbogbo ìbéèrè rẹ̀ tọkàntọkàn, mi ò purọ́ níbì kankan. Wọ́n ní irú wo ni? Mo kọ ọ́ pé Ẹ̀gbá ni, Mùsùlùmí. Wọ́n ní kí ni ọjọ́ orí rẹ̀? Mo ní ọdún mọ́kànlélógún. Wọ́n ní báwo ló ṣe wúwo tó? Mo ní nígbà tó ń lọ, ó máa ń tẹrí ba kí ó tó wọlé. Nígbà tó dé, obìnrin méjì gbé e. Wọ́n ní kí ni ó ń jẹ? Mo ní ó fẹ́ràn ẹ̀bà gbígbóná. Wọ́n ní kí ló pa á? Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé àwọn ni kí ó bá mi kọ ìyẹn, nítorí pé ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń bi wọ́n. Wọ́n ní ibo ni a sọ òkú rẹ̀ sí? Mo ní a kò sọ ọ́ síbì kan, a sin ín. Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ká a, ó fi í sínú àpò ẹ̀wù. Kò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé kò rẹ́rìn-ín.

Mo tún lọ sí Ìfọ̀, mo bẹ ọ̀gá rélùwéè pé kí ó fi tẹlifóònù rẹ̀ pe Bọ́mà, kí n bá ẹni tó ń ṣọ́ àwọn òkú níbẹ̀ sọ̀rọ̀, n kò ní pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní wáyà òun kò kọjá Èkó níhìn-ín àti Abẹ́òkúta lọ́hùn-ún. Mo ní ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé nígbà tí wọ́n ń mú ọmọ mi lọ, wọn kò sọ fún mi pé ọ̀nà náà kò dé ibẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìwé dé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí. Ó ní ti ìjọba ni àpò náà, wọ́n kàn yá wa lò ni. Ó ní bí mi ò bá dá a padà pẹ̀lú àwọn adìyẹ náà, wọn yóò mú ọlọ́pàá wá ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta, wọn yóò hú u. Wọn kò kọ ìwé kan sí mi láti ọdún mọ́kànlá. Ó ti wá di àpò, wọ́n sì ti mọ̀ pé tiwọn ni.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́, èmi tí n kì í bẹ̀ ọ́. Àkọ́kọ́, fi owó ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ náà tó pé, kí n ra àpò náà lọ́wọ́ wọn, kí ibojì ẹ̀gbọ́n rẹ lè jẹ́ tiwa. Èkejì, jẹ́ kí owó náà pọ̀ bí ó bá ti lè pọ̀ tó, nítorí pé Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí jẹ́wọ́ fún mi pé àpò mẹ́rìnlélógún ṣì wà nínú yàrá ìkẹ́rù rélùwéè ní Ìfọ̀. Mo fẹ́ ra gbogbo wọn. Ara rẹ̀ kò lè wà nínú àpò kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe òun nìkan ló lọ. Ilẹ̀ wa fẹ̀ dé odò. Ẹ̀kẹta, ra aṣọ funfun fún mi, tèmi ti lọ. Bí ó bá ṣeé ṣe, wá fúnra rẹ ní Ọjọ́bọ̀ náà, kí ọkùnrin kan láti inú mi dúró lórí ilẹ̀ náà nígbà tí ọlọ́pàá bá dé. Bí o kò bá lè wá, èmi àti Kúlúsúmù yóò dúró síbẹ̀. Àwọn adìyẹ ń bẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ òkò lù wọ́n nínú ọgbà mi, nítorí pé ara ẹ̀gbọ́n rẹ ti wà lára wọn.

Ó ku ohun kan. Nínú lẹ́tà rẹ o sọ fún mi, inú rẹ sì dùn, pé ilé iṣẹ́ yín ti fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ní irin kékeré kan, pé o máa ń fi kọ́ ara ògiri ní ẹnu géètì láàárọ̀, o sì máa ń mú un bí o bá ń lọ sílé, pé nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀ àti pé nọ́ńbà náà ni ọ̀gá yín fi ń pè yín. Kọ nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí mi, ọmọ mi. Kọ ọ́ gàdàgbà kí ojú mi lè rí i. N ó fi í sínú àpótí pẹ̀lú ti ẹ̀gbọ́n rẹ, kí n lè dá ọ mọ̀ bí agolo mi bá tún kan nǹkan.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó kàn án. Kí orúkọ tí mo sọ ọ́ ni wọ́n fi pè ọ́ lọ́jọ́ gbogbo, kí ó sì jẹ́ orúkọ náà ni wọn yóò fi pè ọ́ lọ́jọ́ ìkẹyìn. Àmín.

Èmi ni,
Sùwéébátù, ìyá rẹ àti ìyá Ṣàkírù.